Ẹ̀jẹ̀ ẹja mi rí bíi kòkó: ṣé májèlé ni wọ́n dà sí i?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú taǹkì oníbúlọ́ọ̀kù tuntun ni mo ti ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìkòròdú. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí wọn ò jẹun mọ́. Wọ́n kàn ń nàró, ẹnu lókè, ìrù nísàlẹ̀. Mo la ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí bíi kòkó. Àwọn ará àdúgbò ní ẹnì kan ló da Gamalin, májèlé apakòkòrò, sí i. Kí ni kí n ṣe? Ìyá ẹlẹ́ja.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹja tó bá mu Gamalin á máa gbọ̀n, á máa yí bìrìbìrì, ọ̀pọ̀ á sì ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́, tòun ti kòkòrò inú omi. Ẹ̀jẹ̀ tó rí bíi kòkó, nitrite, èròjà olóró kan tó ń ti inú ìdọ̀tí omi wá, ló ń fà á.

Oúnjẹ àjẹkù àti ìgbẹ́ ẹja ló ń di ammonia, èròjà olóró mìíràn. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á sọ ọ́ di nitrite, àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ni ẹja lára. Nínú taǹkì tuntun, àwọn ìkẹyìn yìí ò tíì pọ̀, ni nitrite bá ń kóra jọ. Tó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Lóòótọ́, àrọ̀ mọ afẹ́fẹ́ gbà lójú omi, ṣùgbọ́n bó ti wù kó gbà á tó, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rù ú ni ò lè rù ú. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí omi yẹn lè mọ́ gaara lójú ẹni.

Ẹ mú ọ̀kan tó ṣì wà láàyè. Òkú ẹja á tàn yín jẹ. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ wo ẹran wẹ́wẹ́ tó fi ń mí. Pupa ló yẹ kó jẹ́. Tó bá rí bíi kòkó, ẹ kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí aṣọ funfun, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i: ẹ̀jẹ̀ gidi á pọ́n sí i, ti nitrite ò ní pọ́n. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni ẹran wẹ́wẹ́ náà funfun, ẹ fura sí chlorine, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ.

Lónìí, ẹ má fún wọn lóúnjẹ rárá. Ẹ fa omi ìsàlẹ̀ jáde, bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ rọra fi tuntun dí i. Ẹ má pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn iyọ̀ ọbẹ̀ gíráàmù 165 fún lítà omi 1,000 kọ̀ọ̀kan, ẹ pò ó nínú garawa, kí ẹ dà á káàkiri. Iyọ̀ yìí á dí ọ̀nà tí nitrite ń gbà wọ ara ẹja. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ́n padà, ẹ máa fún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọn ò bá jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 10, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.