Ẹ Bi Dókítà: Fítámì, Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ àti Ìtọ́jú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Irun mi ń já, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo mílígíráàmù 10 bayotíìnì, irú fítámì B kan, lójúmọ́. Lẹ́yìn náà ni dókítà functional medicine (ẹ̀ka ìṣègùn tó ń béèrè ìbéèrè púpọ̀ láti wá orísun àìsàn) tó ń tọ́jú mi yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, tó ní tairọ́ọ̀dì mi, ẹ̀yà ara inú ọrùn, ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì fẹ́ fún mi ní oògùn tí yóò dín in kù. Ṣùgbọ́n àyà mi kì í lù kìkì, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, n kò sì rù. Ṣé kí n lo oògùn náà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì lò ó. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà yín pé ẹ ń lo bayotíìnì, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èsì àyẹ̀wò ló ṣini lọ́nà, tí tairọ́ọ̀dì yín kò sì ní àìsàn kankan. Nǹkan bíi máíkírógíráàmù 30 péré ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́. Èyí tí ẹ ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 300. Bayotíìnì kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò fi ń so àwọn èròjà tí wọ́n ń lò pọ̀, nítorí náà, bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, yóò gba ipò ti inú ẹ̀rọ, iye tí ẹ̀rọ ń kà yóò sì dàrú. TSH, tó ń pàṣẹ fún tairọ́ọ̀dì, yóò kéré, T4 àti T3, tí tairọ́ọ̀dì ń pèsè, yóò ga, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni èsì ẹni tí tairọ́ọ̀dì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣejù ṣe máa ń rí. Kódà, àyẹ̀wò tí a fi ń dá àrùn Graves, tó ń mú kí tairọ́ọ̀dì ṣiṣẹ́ àṣejù, mọ̀ lè fi àrùn hàn níbi tí kò sí.

FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa èyí ní 2017, wọ́n sì tún un kìlọ̀ ní 2019, pàápàá nítorí pé bayotíìnì lè mú kí tropónìn, èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá ọkàn ẹnì kan ti fara gba ìpalára lójijì, hàn bíi pé kò pọ̀. Ibẹ̀ ló ti bà mí lẹ́rù jù. Ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹ̀ka ìṣègùn tó ń fi ìbéèrè púpọ̀ yangàn lè gbàgbé láti béèrè ohun tó wà nínú ike fítámì yín.

Ẹ dá a dúró fún ó kéré tán ọjọ́ méjì kí ẹ tó tún àyẹ̀wò náà ṣe. Nítorí bí ìwọ̀n tí ẹ ń lò ṣe pọ̀ tó, dókítà yín lè ní kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èsì kejì kò bá yàtọ̀, a ó gbà pé àìsàn wà níbẹ̀. Ní ti irun, àìtó bayotíìnì ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ferritin, tó ń fi irin tí ara kó pa mọ́ hàn, kí wọ́n sì rántí pé ó máa ń ga bí ara bá ń bá àrùn jà, tí yóò sì bo àìtó irin mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Inú ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, máa ń wú. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò IgG (irú èròjà agbóguntàrùn kan nínú ẹ̀jẹ̀) fún un, wọ́n sì ní kó má jẹ wàrà, ẹyin àti àlìkámà mọ́. Ṣé kí n tẹ̀ lé e?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má torí èsì yẹn nìkan yọ ohunkóhun kúrò nínú oúnjẹ ọmọ tó ṣì ń dàgbà. Ohun tí IgG sábà máa ń fi hàn ni pé ọmọ náà ti jẹ oúnjẹ náà rí, ara rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ara-kò-gbà-á ní Yúróòpù fi sọ ní 2008 pé kí a má ṣe lo IgG4, irú IgG kan, láti mọ oúnjẹ tí ara kò gbà. IgE, irú èròjà agbóguntàrùn mìíràn, ni ti ara-kò-gbà-á, òun náà kò sì wúlò láìsí ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ jẹun.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹ má tíì dá àlìkámà dúró, nítorí inú wíwú lè jẹ́ ti àrùn celiac, níbi tí àlìkámà ti ń mú kí ara ba ìfun jẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un kò sì ṣeé gbára lé bí ọmọ bá ti pa àlìkámà tì. Àyẹ̀wò ni kó ṣáájú, kí ìyípadà oúnjẹ tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Wọ́n fún mi ní oògùn DMSA mu kí n tó tọ̀ sínú ike, wọ́n wá ní òjé pọ̀ lára mi. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ DMSA ni láti fa òjé jáde sínú ìtọ̀, kò sì sí ẹni tí kò ní díẹ̀ lára. Àwọn tí kò mu oògùn kankan ni wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ìtọ̀ yín wé, nítorí náà èsì yẹn kò fi hàn pé òjé pọ̀ lára yín. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà onímọ̀ nípa májèlé ní Amẹ́ríkà ti sọ pé irú àyẹ̀wò yìí kò ní ẹ̀rí ìjìnlẹ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀, láìmu oògùn kankan ṣáájú rẹ̀, kí ẹ má sì gba ìtọ́jú láti fa òjé jáde títí tí èsì náà yóò fi dé.