Ọmọ mi kọ ọ́ pé èmi àti òun jẹ́ "common"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Wọ́n ní kí ọmọ mi obìnrin, tí ó wà ní kíláàsì kejì ilé ẹ̀kọ́ girama, kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa ẹni tí ó fẹ́ràn jù lọ nínú ẹbí. Èmi ni ó yàn, inú mi sì dùn púpọ̀. Gbólóhùn tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ni "My mother and I are very common." Olùkọ́ rẹ̀ fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, kò sì ṣàlàyé kankan. Ohun tí ọmọ náà ní lọ́kàn ni pé ìwà àwa méjèèjì jọra. Mo yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò, mo sì rí i níbẹ̀ pé "common" lè túmọ̀ sí ohun tí ènìyàn méjì jọ ní. Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ mi? Ìyá ọlọ́mọ kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ìwé atúmọ̀ èdè yín kò parọ́, olùkọ́ náà kò sì ṣì í, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà pupa tí kò ní àlàyé kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín mú dára, ibi tí ó gbé e sí ni kò dára. Bí a bá fi "common" júwe ènìyàn tààrà, ohun tí ará Ìlú Ọba yóò gbọ́ ni pé ẹni náà jẹ́ ènìyàn yẹpẹrẹ tí kò mọ ìwà hù láwùjọ. Àwa náà mọ ìtumọ̀ yìí dáadáa ní Nàìjíríà, nítorí bí ẹnì kan bá ní "common fifty naira" ni wọn kò lè fún òun, a mọ̀ pé àádọ́ta náírà lásán-làsàn ni ó ń wí. Ọmọ yín ti bú ara rẹ̀ láìmọ̀, ó sì ti fi ìyá rẹ̀ kún un.

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, láti ara "communis", èyí tí ó túmọ̀ sí ohun àjọní. Láti orí ohun tí gbogbo ènìyàn jọ ní ni ó ti rìn dé orí ohun tí ó wọ́pọ̀, kí ó tó wá kan ohun tí kò níyì. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ náà kò tíì kú. Ẹ wo ìdánwò Common Entrance tí àwọn ọmọ ń ṣe kí wọ́n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama: kì í ṣe pé ìdánwò náà rọrùn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé ìdánwò kan náà ni àwọn ọmọ láti oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́ jọ ń ṣe. Ẹ tún wo H.C.F., èyíinì ni "Highest Common Factor", tí ọmọ yín ti kọ́ nínú ìṣirò. Àwọn nọ́ńbà tí ó lè pín 12 láìsí àṣẹ́kù ni 1, 2, 3, 4, 6 àti 12. Àwọn tí ó lè pín 18 ni 1, 2, 3, 6, 9 àti 18. Mẹ́rin ni wọ́n jọ ní, èyíinì ni 1, 2, 3 àti 6, tí 6 sì jẹ́ àgbà wọn. Olùkọ́ ìṣirò lè sọ pé "12 and 18 have four factors in common", ṣùgbọ́n kò ní sọ láé pé "12 and 18 are common".

Ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Èdè wa ni ó ti ọmọ náà sí kòtò, nítorí "jọ" kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń ṣe iṣẹ́ méjì: a ní Táyé àti Kẹ́hìndé jọ ní ilé kan, a sì tún ní Táyé àti Kẹ́hìndé jọra. Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti àjọní ni "have in common", ti ìjọra ni "alike". Nítorí náà ọmọ yín lè kọ "My mother and I have a lot in common", ó sì lè kọ "My mother and I are very much alike".

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni olùwà gbólóhùn, a kò nílò "with". Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ni a fi bẹ̀rẹ̀, "with" ni yóò mú ẹnì kejì wọlé: "I have a lot in common with my mother." Ẹni tí ó bá sọ pé "We have the same thing in common" ti wí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó má sì kọ "We are having a lot in common", àṣìṣe tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà tí ó kàwé gan-an. Etí Yorùbá yẹ kí ó gbà wá níbí, nítorí a kì í sọ pé "a ń ní ilé". "A ní ilé" ni à ń sọ.

Bí ìwà náà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ olùwà, ẹ lo "common to": "Stubbornness is common to both of us." Ẹ má fi "in" rọ́pò "to" níbẹ̀ o. "Twins are common in Igbo-Ora" kàn ń sọ pé ìbejì wọ́pọ̀ ní Ìgbó-Ọrà ni. Ní ti "commonality" tí àwọn oníròyìn fẹ́ràn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo jù fún àròkọ ọmọdé.

ÌBÉÈRÈ: Èwo ni ó tọ́ nínú "similar to" àti "similar with"? Ṣé mo sì lè sọ pé "two alike dresses"? Aránṣọ kan, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: "Similar to" ni. "Alike" kì í ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ̀yìn ni ó máa ń dúró sí, nítorí náà "two similar dresses" ni kí ẹ sọ, tàbí "the two dresses are alike". "Resemble" kò nílò ọ̀rọ̀ atọ́kùn kankan: "Taiwo resembles Kehinde", bí a ti ń sọ pé Táyé jọ Kẹ́hìndé gẹ́lẹ́. Fún aṣọ ẹbí tí ẹ ń rán, bí ó bá jẹ́ léèsì kan náà ni gbogbo wọn rà, "the same lace" ni, ẹ má gbàgbé "the" níwájú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọrùn aṣọ àti apá rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ síra, "similar styles" ni.