Owó Ẹ̀bùn Lórí Èsì Ìdánwò: Ṣé Kí A Dá A Dúró?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Mókọlá, n'Íbàdàn, ni mo ń gbé. Ó di ọdún mẹ́fà báyìí tí ẹgbẹ́ àdúgbò wa ti ń fún àwọn ilé ìwé gírámà ìjọba lówó. Èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò WAEC ni ó ń gba èyí tó pọ̀ jù. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan ní kí á dá a dúró, inú sì ń bí àwọn ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n ní a fẹ́ pa ìtara àwọn olùkọ́. Kí ni ẹ rí sí i? (Bàbá Olùkọ́, Mókọlá)

ÌDÁHÙN: Bàbá Olùkọ́, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yìn àwọn tó ní kí ẹ dá a dúró ni mo wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Èkó lọ́dún 1887, èsì ìdánwò àwọn ọmọ wà lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n owó ìrànwọ́ tí ilé ìwé àwọn míṣọ́n ń gbà. Nígbà tí ó di 1916, lábẹ́ Lugard, wọ́n yí i padà: nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, 40 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdánwò àti ìlọsíwájú àwọn ọmọ, 30 di ti ìwà, ìbáwí àti ètò ilé ìwé, 20 ti àwọn olùkọ́, 10 sì jẹ́ ti ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. N kò yin Lugard o, ṣùgbọ́n àwọn amúnisìn tó mọ owó ṣọ́ pàápàá rí i pé ìdánwò nìkan kò tó láti fi mọ ilé ìwé tó dára.

Láti 2007 di 2011, ìlú New York dán irú ẹ̀bùn owó tiyín yìí wò ní nǹkan bí 200 ilé ìwé. Èyí tó bá dé ibi tí wọ́n fojú sùn lè gba tó 3,000 dọ́là lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn olùwádìí RAND, àjọ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, yẹ̀ ẹ́ wò, máàkì àwọn ọmọ kò tìtorí rẹ̀ gòkè, iṣẹ́ àwọn olùkọ́ kò sì yí padà, ni wọ́n bá pa á tì. N kò ní fi ti Íńdíà pamọ́ fún yín: ní Andhra Pradesh, ẹ̀bùn owó ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ nínú ìṣirò àti èdè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe tẹ̀síwájú láti ibi tí wọ́n ti bá a ni wọ́n ń wò níbẹ̀, kì í ṣe ilé ìwé tó borí àwọn tó kù, bíi tiyín.

Èmi náà ti di ṣọ́ọ̀kì mú rí. Ní ilé ìwé kan, lọ́dún tí wọ́n ṣèlérí owó fún wa, ọ̀gá wa jókòó ti rẹ́jísítà SS3, ó ń fi bírò pupa fàlà sí abẹ́ orúkọ àwọn tí ìṣirò kò yé. Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e tó parí, wọ́n ti ní kí àwọn kan tún kíláàsì ṣe, kí àwọn mìíràn lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn. Ọmọbìnrin kan nínú wọn kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀pà ni mo bá a tó ń tà ní Bẹẹrẹ. A gba owó náà, a fi ra fáànù sí ọ́fíìsì.

Àmọ́ ẹ má já a gbà lọ́wọ́ wọn lójijì. Ẹ fún wọn ní ọdún kan ìkìlọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pín owó náà ní ìbámu pẹ̀lú iye ọmọ tó wà ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ná an sórí ohun tí àwọn olùkọ́ bá ní ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, ì báà ṣe òrùlé tó ń jò tàbí ohun èlò yàrá sáyẹ́ǹsì. Kí ẹ tó ṣe ìpàdé mìíràn, ẹ ṣí ìwé ìnáwó yín, kí ẹ ka iye ìgbà tí ilé ìwé kan náà ti gba ipò kìíní láàárín ọdún mẹ́fà yìí.