Ẹ dín omi wọ̀rọ̀wọ́ yín kù, kí ẹ sì wá ibòji fún un

Ẹ kú ìbéèrè o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ẹ mú ìtàkùn wọ̀rọ̀wọ́, ẹ̀fọ́ tó ń fà yẹn, bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá sí Abẹ́òkúta, ẹ rì í sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, síbẹ̀ ìdí rẹ̀ ń dúdú, ó sì ń wó lulẹ̀. Ẹ wá béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí ẹ máa bomi rin ín lọ́sẹ̀, àti ibi tí ẹ ti lè ra irúgbìn rẹ̀.

Omi alẹ́ yẹn, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Ìtàkùn wọ̀rọ̀wọ́ ní omi nínú ara tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá rin gbindin ní ìdí rẹ̀ tọ̀sán tòru, jíjẹrà ló máa jẹrà. Ẹ má ka ọjọ́ rárá. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí erùpẹ̀ tútù bá lẹ̀ mọ́ ìka yín, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ bomi sí i láàárọ̀, sí ìdí, ẹ má dà á lé ewé. Èyí tó ti dúdú, ẹ fi èékánná ha ara ìtàkùn náà láti ìdí lọ sókè. Ibi tí ẹ bá ti rí i tí abẹ́ awọ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ tó sì ní àwọ̀ ewé, ẹ gé e níbẹ̀, kí ẹ tún apá òkè gbìn síbòmíràn. Ìdí tó ti jẹrà, ẹ hú u dànù.

Ní ti irúgbìn, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Abẹ́ kòkó ni màmá mi ti ń já wọ̀rọ̀wọ́, lápá Ifẹ̀wàrà. Ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. Ó ń gun igi kòkó, ó ń fà láàárín ewé gbígbẹ, ẹ̀bòlò sì ń hù nítòsí rẹ̀, àwa kàn ń ká orí rẹ̀ wálé ni. Nígbà tí agbára màmá kò gbé oko mọ́, wọ́n fa oko lé ẹnì kan lọ́wọ́. Àwọn tó ń dá àwọn oníkòkó lẹ́kọ̀ọ́ ló sọ fún un pé abẹ́ kòkó gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, pé ohunkóhun tó bá ń fà nílẹ̀, igbó ni. Wọ́n fi oògùn apakoríko hàn án. Ó fọ́n ọn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó tún fọ́n ọn nígbà tí òjò padà dé. Ọjọ́ tí mo dé oko yẹn, ilẹ̀ rí bí ibi tí iná jó kọjá. Ìtàkùn ṣì wà lára igi kòkó lóòótọ́, ó rọ̀ dirodiro síbẹ̀, bí mo sì ṣe fọwọ́ kàn án, ó rún mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wo ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Mo tú ewé gbígbẹ wò bóyá ìdí kan ṣì yè lábẹ́ rẹ̀. Mo lọ bá àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà, àwọn náà ti fọ́n tiwọn. Màmá ń bi mí lórí fóònù pé ṣé mo ti rí i, n kò mọ èsì tí màá fún wọn.

Mo gba ọ́fíìsì àgbẹ̀ kan lọ. Ọ̀gá tó jókòó níbẹ̀ kò gbójú sókè. Ó ní koríko ni wọ̀rọ̀wọ́, kí n lọ ra irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tàbí ugu. Owó ìlú ni wọ́n fi ń san án láti mọ ewé o! Inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìyá àgbà kan tó ń tẹ́ ẹ̀fọ́ sílẹ̀ lọ́jà ló ṣàánú mi. Wọ́n mú mi dé ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n gé e fún mi, wọn kò sì gba kọ́bọ̀.

Wọ̀rọ̀wọ́ máa ń yọ òdòdó, irúgbìn rẹ̀ a sì máa bá atẹ́gùn lọ, ṣùgbọ́n ìtàkùn ni àwọn èèyàn wa fi ń gbìn ín. Níbàdàn, NACGRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú irúgbìn, wà ní Moor Plantation, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, náà ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú oríṣiríṣi ẹ̀wà, iṣu àti ẹ̀gẹ́. Ẹ̀wà ṣeé gbẹ, ó ṣeé gbé sínú òtútù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí a ń fi ìtàkùn gbìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa wà láàyè nínú ilẹ̀ ẹnì kan tàbí nínú ìgò ní yàrá ìwádìí. Nítorí náà, èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yín yẹn, kì í ṣe ọbẹ̀ nìkan ni. Bí ó bá ti mú, ẹ gbé díẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín, ẹ gbé díẹ̀ fún aládùúgbò, kí ó má baà jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo ló wà.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń bá yín ro àyíká. NAFDAC ti fòfin de oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e wọ ọgbà yín. Glyphosate, apakoríko mìíràn, ní tirẹ̀ máa ń gba ara ewé wọ gbòǹgbò, bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀ rẹ̀ kan wọ̀rọ̀wọ́, ó parí. Ike tí wọ́n fi pọn oògùn, ẹ má fi bu omi láéláé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi fọ́n ọn, ẹ má fi fọ́n omi sí ẹ̀fọ́, kódà bí wọ́n bá ní àwọn ti fọ̀ ọ́.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ẹ gé ìtàkùn tó gbó díẹ̀, kí ó ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìyẹn ibi tí ewé ti ń yọ, ẹ já ewé ìsàlẹ̀, ẹ gbé e síbi ibòji títí ojú ọgbẹ́ á fi gbẹ, ẹ rì í ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ojú méjì wọlẹ̀. Àpò ìrẹsì náà dára bí ẹ bá lu ìdí rẹ̀ dáadáa. Ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jẹrà yóò jó o. Ẹ jẹ́ kí òórùn àti ooru rẹ̀ tán kó tó kan ilẹ̀ yín.

Ibòji ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ mìíràn wá sílé mi, ó ní kí n gé máńgòrò kí oòrùn lè wọlé. Mo ní rárá. Tẹ̀tẹ̀ ló ń fẹ́ oòrùn. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń pa wọ̀rọ̀wọ́, ewé rẹ̀ á kéré, á pọ́n, á le. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, ẹ kó ewé gbígbẹ sí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má fara kan ìtàkùn. Ẹ̀ẹ̀rùn náà ni tata máa ń dé. Ẹ tètè jí, òtútù ṣì ń mú wọn nígbà náà, wọ́n á ṣù jọ sójú kan, ẹ gbá wọn sínú omi ọṣẹ.

Bí ẹ bá ń ká a, orí nìkan ni kí ẹ máa já. Ẹ má fà á tu.

Ó tún ku ohun kan. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń pe amúnútutù ní wọ̀rọ̀wọ́. Ewé amúnútutù nípọn, etí rẹ̀ dán, ó máa ń yọ̀, èso rẹ̀ a sì máa dúdú tó bá pọ́n. Etí ewé wọ̀rọ̀wọ́ ní eyín. Ẹ ya fọ́tò tiyín, ẹ gbé e síbí kí ẹ tó tún un gbìn, ká jọ wò ó.