Ìrìn Àjò Òkè Òkun Kò Wù Mí Mọ́: Ṣé Kí N Fi Ipá Mú Ara Mi Lọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹni ọdún 58 ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé. Láti ọdún 2006 ni èmi àti ìyàwó mi ti máa ń lo ọlidé oṣù Kẹjọ ní òkè òkun. A ti dé Lọ́ńdọ̀nù, Dùbáì, Istanbul àti Paris, a sì ti dé òmíràn nínú wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àrùn Kòrónà nìkan ló dá wa dúró. Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti kó ìwé báńkì jọ, tí wọ́n ti tẹ gbogbo ìka ọwọ́ mi, tí mo sì ti tò sórí ìlà ní pápákọ̀ òfurufú títí tí orúnkún fi ń ro mí, mo dé Paris, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọjọ́ tó kù kí a padà sílé.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, àbúrò mi kan ṣe ìnáwó ní Èkìtì, a sì gba ibẹ̀ lọ sùn ní Ìkógòsì fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ki ẹsẹ̀ kan bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ki èkejì bọ omi tútù, mo sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí tí ìyàwó mi fi wá pè mí pé oúnjẹ ti ń tutù.

Mo ti sọ pé n kò lọ sí òkè òkun lọ́dún yìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ lẹ́yìn mi pé ọjà ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Àkọ́bí mi obìnrin rò pé ara mi kò yá. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ṣé ọjọ́ ogbó ló dé ni, àbí àìsàn? Ṣé kí n fi ipá mú ara mi lọ?

Oníṣòwò kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọ̀gá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín, ohun kan sì ń wá sí mi lọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí mo bá kà á tán. Ìlú ńlá mẹ́rin ni ẹ dárúkọ, síbẹ̀ n kò rí ohun kan ṣoṣo níbẹ̀ àfi ìwé báńkì, ìlà àti bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ dé Ìkógòsì, mo rí ẹsẹ̀ yín méjèèjì nínú omi, mo sì gbọ́ ohùn ìyàwó yín tó ń pè yín sídìí oúnjẹ. Ẹ̀yin fúnra yín ti dá ara yín lóhùn kí ẹ tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiyín kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí pé àjò náà gan-an ni kò dùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti àìsàn kúrò nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo nǹkan ni kò wù yín mọ́, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu, tí oorun ń dá lójú, tí ọjà tí ẹ ti ń tà láti ọjọ́ yìí wá sú yín, tí ẹ kò sì fẹ́ rí ènìyàn, ẹ lọ rí dókítà láìfi àkókò ṣòfò, nítorí pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jẹ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó létí omi títí tó fi gbàgbé oúnjẹ, inú rẹ̀ ṣì lè dùn. Ohun tó dé bá yín ni pé ohun tí ẹ ń ṣe fún ìgbádùn ti di ohun tí ẹ ń ṣe nítorí pé ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìrìn àjò bá ti di àṣà ọdọọdún, tí gbogbo ẹgbẹ́ ti mọ̀ pé lágbájá yóò lọ ní oṣù Kẹjọ, tí wọ́n sì ti ń ka bàtà àti báàgì tí ẹ óò bá wọn rà bọ̀ sílẹ̀ láti oṣù Kẹfà, iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìsinmi mọ́.

Iṣẹ́ náà sì ti wọ́n sí i. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni owó físà Schengen, tí a fi ń wọ ilẹ̀ Faransé àti púpọ̀ nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀, ti kúrò ní yúrò 80, tó di 90 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá sì kọ̀ láti fún ènìyàn ní físà, wọn kì í dá owó náà padà. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní iye tí ìjọba ń pè é. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa wọ̀ dáadáa, ó ti kọjá náírà 1,500. Ẹni tó bá ń ṣòwò, tó sì mọ ìṣirò, yóò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ń fi owó náà rà. Kì í ṣe pé ọjà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà gan-an ló mọ iye tí nǹkan jẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ yín ló dùn yín jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín wa, òkè òkun ti di ohun tí a fi ń díwọ̀n ọlá, débi pé ẹni tó lo ọlidé ní Ìdànrè yóò máa sọ ọ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹni tó lọ sí Dùbáì tí kò kúrò nínú ilé ìtajà yóò sì máa sọ ọ́ sókè. Ó ń bí mi nínú, nítorí pé àwọn mìíràn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo ohun tí àwa ń fojú rénà. Arábìnrin Susanne Wenger, tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ti ilẹ̀ Austria wá sí ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1950, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì mú un lọ́kàn débi pé ọ̀dọ̀ wa ló wà títí tó fi jáde láyé ní ọdún 2009. Igbó náà, tó tó hẹ́kítà 75, ni àjọ UNESCO fi sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Láti Ìbàdàn, ẹ lè jẹun àárọ̀ nílé, kí ẹ sì dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Èmi náà gun òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, mo sì rò pé n óò kú sójú ọ̀nà. Ìyá àgbàlagbà kan kọjá lára mi níbi tí mo jókòó sí, ó ru igbá kékeré kan, kò mí gúlegúle, ó kí mi pé, “Ẹ rọra o, ẹ má kánjú, òkè kò ní sá.” Nígbà tí mo dé orí òkè, mo rí ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́, mo sì rí ibi tí àwọn ènìyàn Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Atẹ́gùn ń fẹ́, àpáta yí mi ká, n kò sì rántí fóònù mi fún nǹkan bíi wákàtí méjì.

Bí ó bá sì jẹ́ pé òórùn ilẹ̀ àjèjì ló ń wu ìyàwó yín, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù kí ẹ gba Ìdíròkò kọjá sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àdéhùn àjọ ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ní Kétu, ẹ óò rí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè odi àtijọ́ ìlú náà, ìlú tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì fọ́ ní ọdún 1886. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ pátákó ojú ọ̀nà, Yorùbá sì ni ẹ óò fi ná ọjà.

N kò ní tàn yín jẹ pé ilé rọrùn ní gbogbo ọ̀nà. Ọ̀nà míràn bàjẹ́, omi lè má yọ ní ilé ìtura, ààbò kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹ bi àwọn tó ń gbé agbègbè náà léèrè kí ẹ tó lọ, kí ẹ rìn ní ojúmọmọ, kí ẹ sì san owó ilé ìtura lẹ́yìn tí ẹ bá ti fojú rí yàrá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìnáwó. Bí ẹ bá lọ sí Èkìtì tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin bẹ ẹbí wò, tí ẹ ń yanjú ìjà lórí ilẹ̀, ẹ kò lo ọlidé kankan.

Ó ku ìyàwó yín. Ẹ ní kò sọ nǹkan kan, ẹ kò sì sọ pé ẹ bi í. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ní Ìkógòsì ni pé ìyàwó méjì tí ọkùnrin kan ní, ọ̀kan ọlọ́kàn gbígbóná, èkejì onísùúrù, ló di omi méjèèjì, èyí tó gbóná àti èyí tó tutù, tí wọ́n sì jọ ń ṣàn síbi kan náà. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í ohun tí ó fẹ́ràn nínú gbogbo ọdún tí ẹ ti jọ ń rìn. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ òun náà tipẹ́, ó ń dákẹ́ nítorí tiyín ni. Ó sì lè jẹ́ pé ó ṣì fẹ́ dé Istanbul lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó bá àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ má sì ka owó náà sí i lọ́rùn.

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ọdún 8, 11 àti 14. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti kó wọn lọ sí Dùbáì, mo sì fi oṣù 16 san án. N kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá ń ròyìn òkè òkun?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Èkó

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ sọ òótọ́ nípa owó náà fún wọn, pàápàá èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ibi tí ẹ óò lọ kalẹ̀ bí ohun tí a fi rọ́pò Dùbáì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ibì kan. Reluwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2021, tí ọ̀nà rẹ̀ gùn tó kìlómítà 157, lè gbé yín láti Ẹ̀búté Mẹ́ta dé Abẹ́òkúta, kí ẹ gun Olúmọ, kí ẹ sì tún wọ òmíràn lọ sí Mọníyà ní Ìbàdàn. Ní Àgbádárìgì, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1842, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ sínú ọkọ̀ òkun. Ọ̀nà tí ẹ óò fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ jẹ́ iyanrìn, oòrùn sì mú, nítorí náà ẹ di fìlà àti omi. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 yóò béèrè ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan lójú ọ̀nà náà. Ẹ má ṣe kánjú dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń mú yín káàkiri sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ sì jókòó ti ọmọ náà létí òkun títí tí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀.