Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Ẹ Lọ Wo Òkun Point Lobos, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Kọ Ẹ̀yìn Sí I

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. San Jose la wà. Màmá mi wá kí wa, a sì fẹ́ gbé wọn lọ sí Point Lobos, ọgbà ìjọba tó wà létí òkun nítòsí ìlú Carmel, ní Sátidé kan nínú oṣù July, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ àti ajá wa. Àwọn ọmọ ti ń palẹ̀ aṣọ ìwẹ̀ mọ́. Orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu, wọn ò lè rìn jìnnà. Ṣé ibẹ̀ á dáa fún wọn, kí la sì máa mú dání? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àlejò màmá o. Ẹ gbé wọn lọ, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí ní gbogbo California, mi ò tíì rí ibi tí òkun àti àpáta ti pàdé tó wù mí tó ibẹ̀. Ajá nìkan ni kẹ́ ẹ yọ kúrò nínú ètò yẹn. Wọn ò gba ajá wọlé rárá, kódà kó jókòó sínú mọ́tò kẹ́ ẹ ti fèrèsé pa, kò ní kọjá géètì, àfi èyí tí wọ́n kọ́ láti máa ran aláìlera lọ́wọ́. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ẹranko ló ni ilẹ̀ yẹn, ajá kan tó bá gbó lè lé ìyá seal, ẹranko òkun tó máa ń gun etí omi sinmi, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹ̀.

Aṣọ ìwẹ̀ náà, ẹ fi sílé, jákẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ mú. Mo mọ̀ pé oòrùn á máa ta yín ní San Jose lóṣù July, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dé Carmel, ìrìn bíi wákàtí kan àtààbọ̀, kùrukùru lè ti bo gbogbo etí òkun kó má sì ká kúrò títí di ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti àríwá ìwọ̀ oòrùn ló fà á, ó máa ń ti omi òkè lọ sójú agbami, omi ìsàlẹ̀ tó tutù gan-an á wá dìde wá rọ́pò ẹ̀, bí afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin bá ti kọjá lórí omi tútù yẹn ó di kùrukùru nìyẹn. Omi tútù yìí kan náà ló sì ń gbé oúnjẹ wá láti ìsàlẹ̀, òun ló ń bọ́ kelp, koríko òkun tó hù gbọọrọ bí igbó lábẹ́ omi, tí ẹja ń sá pamọ́ sí, tí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wò sì ń jẹun níbẹ̀. Ìgbà tójú ọjọ́ máa ń mọ́ jù ni September àti October, tí màmá bá ṣì máa wà nílẹ̀ nígbà yẹn, ẹ sún un síwájú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé kẹ́ ẹ fi Monastery Beach, tẹ́ ẹ máa rí lẹ́bàá ọ̀nà Highway 1 kẹ́ ẹ tó dé géètì, tu àwọn ọmọ nínú. Iyanrìn ibẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n ọ̀gbun ńlá tó wà lábẹ́ òkun súnmọ́ ilẹ̀ níbẹ̀ gan-an, etí omi sì da gẹ̀rẹ́, ìgbì á kàn fa ẹsẹ̀ èèyàn lójijì ni. Ẹ̀mí tó ti bọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan.

Ní ti màmá, Whalers Cove ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ tààrà. Mọ́tò ń dé etí omi níbẹ̀, ẹ gbé àga fún wọn, kí wọ́n jókòó kí wọ́n sì máa wo àárín kelp. Tórí kékeré kan bá yọ, tí nǹkan náà dùbúlẹ̀ gbalaja lórí omi tó kọ àyà sókè, sea otter nìyẹn, ẹranko onírun tó ń gbé inú òkun. Ó máa ń gbé òkúta lé àyà, á wá máa fi ìkarawun gbá a títí á fi fọ́, ẹ sì máa gbọ́ ìró ẹ̀ kọ́kọ́kọ́ láti èbúté. Bó bá fẹ́ sùn, á yí kelp mọ́ra kí omi má bàa gbé e lọ. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni ilé pákó kan wà táwọn apẹja ọmọ China kọ́ ní àwọn ọdún 1850, ó ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, egungun ẹ̀yìn àbùùbùtán wà lára ohun tí wọ́n fi gbé ilẹ̀ ilé náà dúró. Ẹ jẹ́ káwọn ìbejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

$10 ni wọ́n ń gbà lórí mọ́tò kan. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, àyè ìgbọ́kọ̀sí ò sì pọ̀, tó bá ti kún lọ́jọ́ Sátidé, ìta lẹ máa tò sí títí ẹlòmíì á fi jáde. Tẹ́ ẹ bá lè yí i sí ọjọ́ Tuesday, ẹ yí i. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi dání o, ẹ ò ní rí ibi tẹ́ ẹ ti máa rà á nínú ọgbà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ sí Point Lobos lóṣù tó kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ sórí àpáta kan létí omi kí n ya fọ́tò, òkun dákẹ́ rọ́rọ́, àfi bí volunteer kan ṣe ń pariwo pé kí n padà sórí ọ̀nà. Kò ha ti pọ̀ jù? – Kúnlé, Oakland

ÌDÁHÙN: Kúnlé, àbúrò mi, oore ńlá lẹni yẹn ṣe ọ́. Òkun tó dákẹ́ yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Ìgbì tó ń dé California, ìjì tó jà ní ọ̀nà jíjìn nínú Pacific ló rán an, ó ti rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ kó tó dé, kì í sì í dá wá, ó máa ń kó ara ẹ̀ jọ ni, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún, kí ọ̀wọ́ mìíì tó dé. Nígbà mìíì ọ̀kan á bá èkejì, wọ́n á gun ara wọn, èyí tó bá jáde lára wọn á ga ju gbogbo èyí tó o ti ń wò láti àárọ̀ lọ. Ìwọ ti kọjú sí kámẹ́rà, o ti kọ ẹ̀yìn sómi. Àpáta yẹn ń yọ̀, omi tútù bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́ pẹ́.

Kó o tó súnmọ́ ibikíbi, dúró wo òkun fún ogún ìṣẹ́jú. Wo àpáta náà, tó bá tutù, ìgbì ti dé ibẹ̀ lónìí. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, má kọjá ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì já sómi, má bẹ́ tẹ̀ lé e, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ẹni tó fẹ́ gbani là náà ló máa ń bá a lọ, pe 911, ju nǹkan tó lè léfòó sí i, má sì jẹ́ kójú ẹ kúrò lára ẹ̀. Drone ò lọ o, òkúta tàbí ìkarawun kankan ò sì gbọdọ̀ bá ẹ dé ilé.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni nǹkan pupa rúsúrúsú tó bo àwọn igi Cypress Grove ní Point Lobos? Ṣé àìsàn ló ń ṣe wọ́n? – Ìyábọ̀

ÌDÁHÙN: Rárá o, ara wọn le. Algae ni, Trentepohlia lorúkọ ẹ̀, ara ewédò ni, ṣùgbọ́n àwọ̀ tó wà nínú kárọ́ọ̀tì náà ló bo àwọ̀ ewé ẹ̀ mọ́lẹ̀. Kùrukùru ló ń fún un lómi, kì í jẹ igi. Ẹ súnmọ́ ọn, ẹ máa rí i pé ó rí múlọ́múlọ́, ẹ má kàn fọwọ́ kàn án. Igi Monterey cypress yìí, ibi méjì péré ló ti ń dá hù láyé, ibẹ̀ yẹn àti Cypress Point ní òdì kejì omi Carmel. Wọ́n tiẹ̀ ti pín ilẹ̀ Point Lobos sí pulọ́ọ̀tì fún ilé kíkọ́ rí, A. M. Allan tó ra ilẹ̀ náà ní 1898 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra pulọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn padà, ó sì di ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní 1933. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn nígbàkigbà tí mo bá dé abẹ́ igi náà.

ÌBÉÈRÈ: Ìgbà wo ni mo lè rí àbùùbùtán ní Point Lobos? – Bàbá Tólú

ÌDÁHÙN: December sí May, sà. Gray whale ni, wọ́n ń lọ bímọ létí òkun Mexico, ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń kó ọmọ padà sí Alaska. Ẹ lọ sí Sea Lion Point láàárọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó le, ẹ máa wo òkèèrè, èéfín funfun tó bá tú sókè lójú omi, ẹ̀mí ẹ̀ ló ń mí síta. Àwọn volunteer máa ń gbé awò ńlá síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ yọjú wò ó. Tó bá jẹ́ April tàbí May lẹ lọ, ẹ yà sí òkè China Cove, wọ́n ti àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pa, ṣùgbọ́n ẹ máa rí àwọn ọmọ seal dáadáa láti òkè.