Ìbéèrè Yín: Ìròyìn kan náà, ìbínú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan, rédíò kan náà la sì fi ń gbọ́ ìròyìn aago méje láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn gómìnà. Èmi kò gba tiẹ̀. Bí ìròyìn bá ti parí, èmi á ní gómìnà ti ra àwọn oníròyìn náà, ẹ̀gbọ́n mi á ní àwọn alátakò ló ń sanwó fún wọn. Ta ló tọ̀nà nínú wa? (Àbúrò, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò wa, orí yín kọ́ ni irú èyí ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1985, Robert Vallone, Lee Ross àti Mark Lepper ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ìròyìn tẹlifíṣàn lórí ìpakúpa tó wáyé ní Beirut, olú ìlú Lẹ́bánónì, lọ́dún 1982 han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Ísírẹ́lì lẹ́yìn àti àwọn tó ń ti Lárúbáwá lẹ́yìn. Àwọn ti Ísírẹ́lì ní ìròyìn náà ń ba Ísírẹ́lì jẹ́. Àwọn ti Lárúbáwá ní ńṣe ló ń gbè é lẹ́yìn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà dáadáa ló tún rí ìṣègbè jù, nítorí náà, ẹ má gbójú lé ìmọ̀ nìkan.

Ìbínú yín kì í ṣe ẹ̀rí pé rédíò ṣègbè. Síbẹ̀, n kò ní rédíò kì í ṣègbè. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí wọ́n bá ní "ẹ̀mí mẹ́ta ṣòfò níbi ìfẹ̀hónúhàn," ta ló pa wọ́n? "Ọlọ́pàá yìnbọn pa èèyàn mẹ́ta" lè jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn gan-an, àmọ́ nínú èyí, a ti mọ ẹni tó yìnbọn. Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n ń pe èèyàn: ọ̀dọ́ tí inú ń bí ní ìlú kan lè di jàǹdùkú ní ìlú kejì. Èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Mo ń ka ìròyìn ìjà méjì kí wọ́n tó lọ sílé ìtẹ̀wé, mo fi bíírò fa "jàǹdùkú" rẹ́ nínú èyí tó kan ìlú mi, mo sì fi í sílẹ̀ nínú ìkejì láìfura. Akọ̀ròyìn kékeré kan ló bi mí pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ pa èyí rẹ́ tí ẹ kò pa tọ̀hún?" N kò rí èsì fọ̀.

Ní 1984, Lepper yìí kan náà, pẹ̀lú Charles Lord àti Elizabeth Preston, rí i pé kí a kàn sọ fún èèyàn pé kó má ṣègbè kò ràn án lọ́wọ́ tó kó bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Ká ní ibi kejì lọ̀rọ̀ yìí já sí, ṣé bí mo ṣe máa dá a náà nìyí?"

Nítorí náà, bí ìròyìn bá parí lọ́la, kí ẹ tó la ẹnu, kí kálukú yín kọ gbólóhùn tó bí i nínú sórí ìwé, kó fi orúkọ gómìnà àti ti alátakò rọ́pò ara wọn, kí ẹ sì pààrọ̀ ìwé. Bí ẹ bá rí gbólóhùn kan tó ṣì burú lójú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n sọ ọ́, kí ẹ sì jọ fọwọ́ sí i.